Ìyá Tó Tún Ohùn Ara Rẹ̀ Kọ́

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, ẹ̀yin ọmọ mi, obìnrin kan múlé tì wá. Aṣọ ló ń tà, ọjà Ìpetumodù ló sì máa ń ná. Bó bá pe ọmọ rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, gbogbo àdúgbò ní í gbọ́. Gẹ̀gẹ̀ ló yọ sí i lọ́rùn, ó sì tóbi débi pé oúnjẹ kò lọ lọ́fun rẹ̀ dáadáa mọ́.

Iṣẹ́ abẹ máa ń ba èèyàn lẹ́rù nígbà náà. Àwọn ẹbí rẹ̀ ní kó má lọ, wọ́n ní ẹni tí abẹ bá kàn lọ́rùn kì í bọ̀. Ó dá wọn lóhùn pé bí òun bá jókòó sílé, ebi ni yóò pa òun. Ó lọ.

Ó bọ̀ láàyè, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò bá a bọ̀. Bó bá la ẹnu, afẹ́fẹ́ lásán ló ń jáde. Dókítà ní ohùn náà lè padà, ó sì lè má padà mọ́. Kò pẹ́ tí àwọn kan fi ń pè é ní odi. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Láràárọ̀, bí mo bá ń gbálẹ̀, màá rí i nídìí igi ọsàn wọn, á máa fa "a" gùn, á sinmi, á mu omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, á tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà mìíràn omijé á bọ́ lójú rẹ̀. Kò jáwọ́.

Ìgbà tó yá, ọmọbìnrin rẹ̀ ń lọ sílé ọkọ. Ọmọ kúnlẹ̀, àwọn àgbà sì ní kí àbúrò ìyá bá a wúre fún un. Ìyá náà mi orí pé rárá. Ó gbé ọwọ́ lé ọmọ lórí.

Ó ní, "Ọmọ mi, ilé tí ò ń lọ á tù ọ́ lára. Ẹnu èmi ìyá rẹ ni mo fi sọ ọ́."

Ohùn náà ha, ó sì rẹlẹ̀, kò jọ ti àtijọ́ rárá. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la gbọ́ ọ. Àwọn àgbà tó yẹ kí wọ́n ṣe àmín ń nu ojú.

Láìpẹ́ yìí ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ sí orúnkún èmi náà. Ẹnìkan ń wá sílé wá kọ́ mi ní ìrìn, àwọn ọmọ tí mo bí sì ń wò mí lórí fóònù láti ìlú òkèèrè. Ayé ti dáa ju tàtijọ́ lọ, mi ò ní purọ́. Ìyá yẹn kò ní olùkọ́ kankan. Síbẹ̀, bí orúnkún bá ń ro mí, tí mo fẹ́ pa ìrìn tì, òun ni mo máa ń rántí, màá sì dìde.