Sùtánà Tí Súsánnà Kò Wọ̀

Ẹlẹ́sìn pọ̀ ní Ìkòtún ju kòtò ojú títì lọ. Ẹnu dùn ún ròfọ́, jàre. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi èmi Ràímì, makaníìkì ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, pé ta ni Kìrìsìtẹ́nì, ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tèmi ni màá nawọ́ sí.

Súsánnà, ìyá Promise, ló ni ín. Sùtánà ló ń rán fún àwọn ìjọ aláṣọ funfun. Aránṣọ mìíràn á fi àjẹkù aṣọ oníbàárà rán ṣòkòtò fún ọmọ rẹ̀. Súsánnà ní tirẹ̀ á wé e sínú ọ̀rá, á dá a padà. Mo máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé ọ̀rá ni Promise máa jogún.

Lọ́dún 2009, ìjọ rẹ̀ fẹ́ fi òróró yàn án. Ọdún méje ló ti ń retí ọjọ́ yẹn. Ó ra aṣọ funfun kan tó rẹwà, ó ní tòun lòun á rán gbẹ̀yìn.

Lọ́jọ́ Sátidé, ìyẹn ku ọ̀la, iná lọ. Ó ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ sùtánà Alàgbà Akínlẹ́yẹ, tí wọ́n jọ fẹ́ gba òróró, ni ẹyin iná bá já bọ́ sí abẹ́ apá aṣọ náà. Ihò tó dá tó ẹyọ ẹ̀pà kan.

Mo ní, “Ìyá Promise, ẹ lẹ̀ ẹ́. Ta ló ń wo abẹ́ apá alàgbà?”

“Bàbá Mubarakah, èmi ṣá mọ̀. Ṣé orí irọ́ ni kí n kúnlẹ̀ sí gba òróró?”

Inú bí mi. Ó pe alàgbà lórí fóònù, ó jẹ́wọ́. Alàgbà bú u títí, gbogbo wa là ń gbọ́ ọ. Ó kàn ń sọ pé, “Ẹ má bínú, sà.” Lẹ́yìn náà ló gbé aṣọ tó tọ́jú fún ara rẹ̀, ó ti àlùmọ́gàjí bọ̀ ọ́, ó gé e sí ìwọ̀n alàgbà. Títí di ìrọ̀lẹ́ ló fi wà nídìí ẹ̀rọ. Ó fi tuntun ránṣẹ́ sí i, pẹ̀lú èyí tó jó àti àjẹkù rẹ̀.

Mi ò lè jókòó sílé lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Mo bọ́ bàtà lẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì wọn, mo dúró lẹ́yìn. Alàgbà ń dán gbinrin. Sùtánà àtijọ́ ni Súsánnà wọ̀, ó ti fẹ́lẹ́ léjìká.

Màmá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pòṣé. “Aránṣọ ṣá! Kò lè rán tuntun fún ara ẹ̀ lónìí?”

“Ó rán an, Mà. Ẹ wo ọrùn alàgbà yẹn.”

Wọ́n pe orúkọ Súsánnà. Ó kúnlẹ̀, wọ́n da òróró sí i lórí, orí mi sì wú débi pé mo pariwo “Alihamudulilahi!” láàrin ìjọ. Gbogbo wọn bojú wẹ̀yìn. Ojú kò tì mí rárá.