Ìgò Inú Abíyá Mi

Òórùn sípíríìtì àti ti ẹ̀kọ gbígbóná ló máa ń pàdé ẹni lẹ́nu ọ̀nà yàrá sáyẹ́ǹsì wa ní Kétu. Òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà, ilé ẹ̀kọ́ náà sì tuntun tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀dà ara fèrèsé ṣì máa ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Ìwọ náà mọ irú àkókò yẹn, tí gbogbo àgbà ń sọ pé orílẹ̀-èdè nílò àwa ọmọ. Àwọn ọmọkùnrin ni wọ́n ní lọ́kàn. Àwa ọmọbìnrin méjì tó wà ní kíláàsì wa, ìgò la máa ń fọ̀. Olùkọ́ wa, ọkùnrin Àjàṣẹ́ kan tí bàtà rẹ̀ kì í ní eruku, ti sọ fún wa pé bí a bá ti dé láti ìsinmi Àjíǹde, ibi ìránṣọ la ó máa lọ bí àwọn ọmọkùnrin bá ń kọ́ sáyẹ́ǹsì. Ẹni tí kò bá sì sí ní yàrá sáyẹ́ǹsì kò ní lè ṣe sáyẹ́ǹsì nínú ìdánwò àṣejáde. Èmi ti pinnu pé màá ṣe é.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìsinmi náà, itọ́ ẹnu ni wọ́n fẹ́ dán wò. Olùkọ́ ti ṣàlàyé pé pùrótéènì kan wà nínú itọ́, irú èyí tí wọ́n ń pè ní ansíìmù, tó máa ń sọ ògì di ṣúgà. Kí wọ́n tutọ́ sínú ẹ̀kọ tó ṣàn, kí wọ́n jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, lẹ́yìn náà kí wọ́n kán íódì sí i, oògùn pupa tí wọ́n ń fi sójú egbò. Bí ògì bá ṣì wà níbẹ̀, yóò dúdú bí aró. Àwọn ọmọkùnrin gbé tiwọn ka iná sípíríìtì, wọ́n sì jẹ́ kó hó. Mo rí i. Mo bu ẹ̀kọ tó ṣẹ́kù sínú ọ̀kan nínú àwọn ìgò tín-ín-rín tí wọ́n kó fún mi láti fọ̀, mo tutọ́ sí i, mo fi í há abíyá.

"Ẹ wo ìyá adìẹ! Ó ń sàba!" Olórí kíláàsì ló pariwo bẹ́ẹ̀.

Ọmọbìnrin kejì fà mí láṣọ. "Gbé e sílẹ̀ jọ̀ọ́, wọ́n á lé wa."

"Ó kù díẹ̀ kí n pamọ," ni mo fèsì.

Nígbà tí olùkọ́ kán íódì sí i, tiwọn dúdú bí aró. Tèmi pupa rúsúrúsú bí íódì fúnra rẹ̀. Olórí kíláàsì ní itọ́ obìnrin ló le, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó bi mí léèrè ìdí rẹ̀.

"Mùsíọ̀, pùrótéènì náà ká lọ́nà tirẹ̀, bí ìgbà tí a wé gèlè. Bó ṣe ká yẹn ló fi ń ṣiṣẹ́. Bí gèlè bá tú, aṣọ kò sọ nù, ṣùgbọ́n kì í ṣe gèlè mọ́. Iná ti tú tiwọn."

"Ta ló ní kí o ṣe é?"

"Kò sẹ́ni tó ní kí n ṣe é."

"Ó tọ̀nà," ó ní. "Jáde."

Mo jáde. Lẹ́yìn ìsinmi, bí agogo ti lù, ọmọbìnrin kejì yà síbi ìránṣọ. Èmi yà sí yàrá sáyẹ́ǹsì, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú. Olùkọ́ wò mí títí.

"Ìránṣọ ńkọ́?"

"Mo mọ̀ ọ́n rán, Mùsíọ̀."

Ó yíjú sí pátákó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Títí di òní n kò mọ̀ bóyá àánú ni tàbí àárẹ̀. Mo ṣe ìdánwò náà, mo sì yege.

N kò di dókítà o. Ìwé mi kò kọjá ibẹ̀ yẹn, mo padà sí Idigny, ìlú wa, mo lọ́kọ, mo dáko. Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé kí wá ni sáyẹ́ǹsì náà ṣe fún mi. Mo lóye nǹkan kan dé ìdí rẹ̀, ó sì di tèmi. Kò sẹ́ni tó fi ta mí lọ́rẹ. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ní kí n dìde níbi tí mo lẹ́tọ̀ọ́ sí, ńṣe ni mo máa ń kọ́kọ́ jókòó dáadáa.