Ẹ Bá Mi Gbé Etí Kejì, Mà

Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ìbéèrè kan náà ni obìnrin yìí máa ń bi èèyàn: "Èwo lẹ fi ríran jù, ti àkọ́kọ́ ni àbí ìkejì?" Ẹlòmíràn á ní bákan náà ni méjèèjì. Ẹlòmíràn á ní kó dá ti àkọ́kọ́ padà, nígbà tó bá sì dá a padà tán, á ní òun ti gbàgbé bí ìkejì ṣe rí. Kì í bínú. Á pààrọ̀ gíláàsì, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á tún ìbéèrè bi. Bí oníbàárà bá lọ tán, á wọ yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, á gbé gíláàsì sẹ́nu ẹ̀rọ tó ń fi omi lọ̀ ọ́, á máa fá etí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi máa wọ férémù wẹ́kú. Onígíláàsì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ẹni tó ní sùúrù, òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ tọ́ka sí. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ò tíì bá a gbá géèmù rí.

Àtìgbà tó wà nílé ìwé ló ti fẹ́ràn géèmù orí tẹlifíṣọ̀n. Òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni wọ́n jọ máa ń gbá a, wọ́n sì mọwọ́ ara wọn débi pé wọn kì í sọ̀rọ̀: bí ọ̀kan bá yà sọ́tùn-ún, èkejì ti mọ̀. Àfi bí iṣẹ́ ṣe gbé àbúrò lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ó kó aṣọ, ó kó bàtà, ó fi ẹ̀rọ géèmù àti pádì méjèèjì tí wọ́n fi ń darí rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Géèmù tí wọ́n sì ń gbá lọ́wọ́ kì í ṣe èyí téèyàn lè dá gbá. Aláàárù méjì ló wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń bá èèyàn kó ẹrù jáde nílé. Ọ̀kan á gbé etí kan àga, èkejì á gbé etí kejì, wọ́n á jọ gbé e gba ẹnu ọ̀nà jáde, wọ́n á kó o sínú ọkọ̀ kí àsìkò tó tán. Ilé tó kù fún wọn ò pọ̀ mọ́. Ó ń dun Onígíláàsì láti fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ fà lọ́wọ́. Iṣẹ́ ọkọ náà ni kó máa kọ́ èèyàn ní mọ́tò wíwà, nítorí náà ìyàwó rò pé ibi tí wọ́n ti ń wa ọkọ̀ nínú géèmù á rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ó fún un ní pádì, ó fi bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń sáré hàn án. Ọkọ̀ náà kò gbéra.

"Kí lẹ̀ ń dúró dè?" ìyàwó bi í.

"Mò ń wá dígí tí mo máa fi wo ẹ̀yìn."

"Kò sí dígí nínú rẹ̀. Ẹ ṣáà máa lọ."

Ó ń lọ, ṣùgbọ́n bíi ti ẹni tó ń sin òkú. Nígbà tó dé ibi tí iná pupa ti tàn, ó dúró. Ìyàwó sọ fún un pé iná yẹn ò ní ìtumọ̀, ọ̀ṣọ́ lásán ni. Ó ní láyé òun, òun ò tíì gbọ́ pé iná pupa di ọ̀ṣọ́. Ológbò kan sọdá, ó tún dúró, ó ń wò bóyá ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. Ojú títì náà ni àsìkò tán sí fún wọn. Wọn ò tíì fojú kan ilé tí wọ́n fẹ́ kó ẹrù rẹ̀.

"Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé a ti kùnà," ọkọ wí.

"Mo rí i."

"Àmọ́ a ò kọlu ẹnikẹ́ni."

Ìyàwó gba pádì lọ́wọ́ rẹ̀, ó pa ẹ̀rọ, ó lọ ń fọ abọ́ tí kò dọ̀tí.

Lẹ́yìn náà ló kan ọ̀rẹ́ rẹ̀, onídìrí tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀. Ọ̀rẹ́ yìí yà sílé wọn lọ́jọ́ tí iṣẹ́ ò pọ̀, ó sì gba pádì tayọ̀tayọ̀. Géèmù ní kó kọ́kọ́ yan bí aláàárù rẹ̀ ṣe máa rí. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá sí. Ó yan irun, ó yí i padà, ó yan òmíràn. Ó ní orí ọmọ náà ti gùn jù fún èyí tí wọ́n gé lẹ́bàá etí, ó sì ń béèrè ibi tí wọ́n kó irun dídì sí.

"Ẹrù la fẹ́ lọ kó," Onígíláàsì sọ fún un. "Ta ló fẹ́ wo irun ẹ̀?"

"Ṣé kó wá máa rìn kiri báyìí, kí wọ́n ní èmi ni mo ṣe é?"

Ìgbà tó fi máa rí irun tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, oníbàárà ti ń pè é lórí fóònù. Ó dìde, ó gbé báàgì, ó ní òun gbádùn géèmù náà gan-an, òun á tún wá.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ló wá ṣe ìkẹta. Òrùlé màmá ń jò, kápẹ́ńtà sì ti ṣí i, ni màmá bá kó wá sọ́dọ̀ ọmọ wọn títí iṣẹ́ á fi parí. Nọ́ọ̀sì àgbà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ohùn wọn ò sì tíì gbọ́ pé wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n bá ìyàwó ọmọ wọn níwájú tẹlifíṣọ̀n, tó ń dá fa etí kan àga, tí etí kejì ń wọ́ nílẹ̀.

"Ìyàwó, kí ló dé tí ò ń mí kanlẹ̀ báyẹn?"

"Kò sí nǹkan, mà. Ẹnì kejì ni mò ń wá."

"Ẹnì kejì nìyí. Kí ni kí n ṣe?"

Ó yẹ kó ní kí wọ́n má ṣèyọnu. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó fi pádì lé wọn lọ́wọ́. Màmá dì í mú bí ẹni tí wọ́n gbé omi gbígbóná fún, ojú wọn ò sì kúrò lára rẹ̀.

"Ẹ má wo ọwọ́ yín, mà. Tẹlifíṣọ̀n ni kí ẹ máa wò."

"Bí mi ò bá wo ọwọ́ mi, báwo ni mo ṣe máa mọ ohun tó ń ṣe?"

Aláàárù màmá kọjú sí ògiri, ó ń rìn, kò kúrò lójú kan. Nígbà tí wọ́n wá tẹ gbogbo bọ́tìnnì pa pọ̀, ó fò sókè, ó jókòó sílẹ̀, ó juwọ́.

"Ta ló ń juwọ́ sí?" màmá béèrè.

"Ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́, mà."

"Èmi kẹ̀? Mi ò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀."

Bó ti wù kó rí, wọ́n dé ìdí àga gígùn tó wà ní pálọ̀ inú géèmù. "Ẹ bá mi gbé etí kejì, mà," Onígíláàsì wí, màmá sì gbé e. Inú rẹ̀ dùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa tirẹ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà. Kò tíì fà á jìnnà tí màmá fi ju tiwọn sílẹ̀ gbì.

"Ẹ̀yìn ni ọmọ yìí fi gbé e," wọ́n ní. "Wo bó ṣe tẹ̀. Orúnkún ni wọ́n fi ń gbé nǹkan tó wúwo. Bẹ́ẹ̀ náà làwọn ọmọ wọ́ọ̀dù mi máa ń ṣe tí wọ́n bá ń gbé aláìsàn, wọn ò gbọ́, wọn ò gbà, títí ẹ̀yìn fi ń dun gbogbo wọn."

"Kò ní ẹ̀yìn, mà. Àwòrán ni."

"Ṣebí ẹ̀yìn rẹ̀ ni mò ń wò yìí."

Àga náà ò gba ẹnu ọ̀nà. Ohun tó yá jù nínú géèmù náà ni kí wọ́n fi àga fọ́ fèrèsé, kí wọ́n jù ú síta. Òun àti àbúrò rẹ̀ kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ṣàlàyé fún màmá, màmá bá gbé pádì lé itan.

"Ilé ta nìyí?"

"Kì í ṣe ilé ẹnikẹ́ni, mà."

"Wọ́n ní ká wá kó ẹrù, a wá fọ́ fèrèsé wọn. Ìyàwó, ìwọ tó jẹ́ pé gíláàsì lò ń tà."

"Àsìkò ń lọ, mà."

"Kó máa lọ."

Ó sì lọ lóòótọ́.

Báyìí ni wọ́n ń bá a bọ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà. Tí Onígíláàsì bá ti ti ìta wọlé, á bá màmá lórí àga, pádì ti wà lọ́wọ́ wọn. Èyí tó ń ká a lára jù ni pé kò lè sọ ọ́ bó ṣe rí nínú rẹ̀. Ká ní àbúrò rẹ̀ ni, ì bá ti bú u, kí àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín. Ta ló máa bú ìyá ọkọ? "Ẹ jọ̀ọ́ mà." "Ọwọ́ ọ̀tún kejì, mà." Ẹnu ń sọ ọ̀rọ̀ tútù, inú ń hó. Ó wá di pé ìbínú náà ń bá a dé ṣọ́ọ̀bù. Bàbá kan ní bákan náà ni àkọ́kọ́ àti ìkejì, Onígíláàsì mí kanlẹ̀, bàbá náà sì sáré mú ọ̀kan láìwò ó dáadáa.

Ọjọ́ Àìkú kan ló wá tú síta. Wọ́n ti kó ẹrù ilé kan dé orí èyí tó kẹ́yìn, kọ́bọ́ọ̀dù ńlá kan, wọ́n sì ti gbé e dé àárín àtẹ̀gùn. Ọkọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó ń sọ pé, "Màámi, ẹ wo ẹ̀yìn kí ẹ tó yà." Ṣàdédé ni màmá rántí pé àwọn rí ẹ̀rọ omi tó ń ṣàn ní kíṣìnnì inú géèmù náà. Wọ́n fi kọ́bọ́ọ̀dù sílẹ̀, wọ́n ní àwọn ń lọ tì í pa. Kọ́bọ́ọ̀dù yí gbirigbiri sọ̀kalẹ̀, ó gbá aláàárù Onígíláàsì jáde sínú kòtò, àsìkò sì tán.

Ó já pádì gbà lọ́wọ́ màmá.

"Ẹ gbé e fún mi," ó wí. "Ẹ kàn gbé e fún mi, kí n dá a ṣe."

Ó fi pádì kan sí ọwọ́ ọ̀tún, ó fi èkejì sí ọwọ́ òsì, ó bẹ̀rẹ̀ ilé náà látìbẹ̀rẹ̀, ó fẹ́ máa fi àtàǹpàkò kọ̀ọ̀kan darí aláàárù kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan wọ kọ́bọ́ọ̀dù lọ, èkejì ń fò lórí tábìlì. Kò rí nǹkan kan gbé. Ọkọ rẹ̀ ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Màmá ń wo Onígíláàsì bí wọ́n ṣe máa ń wo aláìsàn tó ti fa okùn omi tí wọ́n so mọ́ ọn lára yọ, tó ní òun ń lọ sílé.

"Ó ti rẹ̀ ọ́," wọ́n ní nígbẹ̀yìn. "Gbé pádì mi wá. Fún ọkọ rẹ ní tìrẹ, kí o lọ jókòó sórí àga yẹn. Má sọ̀rọ̀."

"Ẹ má bínú, mà. N kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

"Mi ò bínú. Mo ní má sọ̀rọ̀."

Ó lọ jókòó. Ìyá àti ọmọ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ lọ ti omi pa. Wọ́n wá gbé kọ́bọ́ọ̀dù, ìyá ń béèrè bóyá ọmọ ti dì í mú, ọmọ ní òun ti dì í mú, ìyá tún béèrè. Àsìkò tán, wọn ò mọ̀. Géèmù ní wọ́n ti kùnà, ṣé wọ́n fẹ́ tún un ṣe? Màmá ní, "Ó ní ká tún un ṣe." Wọ́n tún un ṣe. Ẹnu Onígíláàsì là, ó pa á dé, ó tún là.

"Bàbá rẹ ò gbé etí tó wúwo rí," màmá sọ, bí wọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn. "Gbogbo ibi tá a kó lọ, èmi ni mo máa ń wà nísàlẹ̀."

Ọkọ bú sẹ́rìn-ín títí tí aláàárù rẹ̀ fi já bọ́. Onígíláàsì ò gbọ́ ìtàn yẹn rí, látìgbà tó ti wọlé wọn. Àwọn méjèèjì yìí kì í sábà sọ̀rọ̀ kọjá ẹ káàárọ̀ àti ṣé ẹ ti jẹun. Ó dùn mọ́ ọn, kò ṣaláì dùn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kọ́bọ́ọ̀dù ṣì wà lórí àtẹ̀gùn, ọ̀nà tó yẹ kí wọ́n gbà sì hàn gbangba lójú rẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ wí i.

Kápẹ́ńtà parí òrùlé, màmá padà sílé wọn, wọ́n sì ń wá lọ́jọọjọ́ Àìkú. Ó pẹ́ kí ìyá àti ọmọ tó kó ilé kan tán láìfọ́ nǹkan kan. Máàkì tó kéré jù ni géèmù fún wọn, màmá sì ní kí Onígíláàsì fi fóònù yà á.

Ọjọ́ kan ló ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá màmá pẹ̀lú ọ̀rẹ́ wọn kan ní pálọ̀, nọ́ọ̀sì tí àwọn méjèèjì jọ ṣiṣẹ́ nígbà kan. Pádì wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ náà, màmá ń kọ́ ọ.

"Tó bá ti rẹ ọmọ náà, tẹ èyí, kó sinmi," màmá ń sọ. Bọ́tìnnì tó ń dá géèmù dúró pátápátá ni. "Èyí tó wà lókè yìí, má fọwọ́ kàn án rárá. Òun ló ń bà á jẹ́."

Bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń gbé ẹrù nìyẹn.

"Nígbà wo la wá máa gbé ẹrù?" ọ̀rẹ́ béèrè.

"Ṣe sùúrù. A ò tíì débẹ̀."

Ọ̀rẹ́ rí Onígíláàsì lẹ́nu ọ̀nà, báàgì ṣì wà léjìká rẹ̀. "Ìyàwó, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" ó bi í. Màmá náà yíjú, wọ́n tẹjú mọ́ ọn.

Ó wo pádì. Ó wo màmá.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ó wí, ó sì gba yàrá lọ láti pààrọ̀ aṣọ.