Ewé Ìpín Lára Ọkọ̀ Dúdú

Mo rántí ìgbà tí ọyẹ́ ọdún kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kẹ́rù kúrò ní Ìkẹ̀rẹ́, tí ètè wa ṣì ń sán, tí eruku pupa sì bo gbogbo nǹkan: ewé kòkó, páànù orí ilé, aṣọ orí okùn, títí kan àpáta ńlá tó wà lẹ́yìn ilé wa, tí ojú rẹ̀ dà bí ẹni tó kun osùn. Lábẹ́ igi kajú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ni ọkọ̀ ọmọ mi ọkùnrin wà. Kò tíì pẹ́ tó rà á tí wọ́n fi rán an lọ sí Òkè Ọya fún ẹ̀kọ́ kan tó jẹ mọ́ iṣẹ́ olùkọ́ rẹ̀. Ó fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Màmá, ẹ bá mi máa wò ó." Mo sì ń wò ó lóòótọ́. Bí mo bá ti jí láàárọ̀, mà á dúró lẹ́nu ọ̀nà, mà á wò ó, mà á sì wọlé padà. Bí ọyẹ́ ṣe ń da eruku lé e, tí àwọn ẹyẹ ń yàgbẹ́ sí i, tí igi kajú ń kán oje lé e lórí, gbogbo rẹ̀ ni mo ń wò. Ṣé kì í ṣe ohun tó ní kí n ṣe nìyẹn?

Ọjọ́ kan ló pè mí lórí fóònù pé òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, pé tó bá di ọjọ́ Àbámẹ́ta, àwa ará ilé máa bá òun lọ sí Ìsẹ̀ láti lọ ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ nílé ọmọbìnrin tí òun fẹ́ fẹ́. Ọkọ̀ yẹn la ó gbé lọ. Inú mi dùn títí ó fi sọ ti bàbá ọmọ náà fún mi. Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìntì ni bàbá yìí. Ó ti rí ọmọ mi rí lórí alùpùpù tí ẹrẹ̀ bò, ó sì ti kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀ pé ọkùnrin tí kò bá lè tọ́jú irin tó ń gbé e kiri, òun kò ní fi ọmọ òun fún un tọ́jú. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo jáde lọ wo ọkọ̀ náà. Háà! Ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Ọkọ̀ dúdú ni ọmọ mi gbé sílẹ̀. Ohun tó wà níwájú mi dà bí òkìtì ọ̀gán.

Èmi tí n kò fọ ọkọ̀ rí láyé mi, mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò. N kò lè wà á lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fọkọ̀ lẹ́bàá títì, kànga wa sì ti gbẹ débi pé ẹrẹ̀ ló ń bá garawa gòkè. Mo ní ó di ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀. Olúwa ṣeun, ó rọ̀ lọ́jọ́rú, mo sì gbé gbogbo ohun tó lè gba omi sábẹ́ òrùlé, títí kan ìkòkò ńlá tí a fi ń se ẹ̀wà fún ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ṣètò bí ẹni tó fẹ́ tún yàrá ìyàwó tuntun ṣe. Inú ni n óo kọ́kọ́ mú: kí n kó àwọn ẹní rọ́bà jáde, kí n gbọn ìjókòó, kí n wé àkísà mọ́ ẹyọ ìgbálẹ̀ kí n fi yọ eruku inú àwọn ihò tí atẹ́gùn ń gbà jáde. Ìgbà yẹn ni n óo wá kan ìta, láti òrùlé wá sísàlẹ̀, kí ìdọ̀tí òkè má baà dà sórí ibi tí mo ti fọ̀. Ètò náà dára. Títí di òní, n kò rí ohun tó ṣe ètò náà.

Ní Ọjọ́bọ̀, kí oòrùn tó mú, ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì wá ràn mí lọ́wọ́. Inú ọkọ̀ mọ́ tónítóní. Eruku ìta náà gbọ́ràn sí ọṣẹ lẹ́nu. Oje kajú nìkan ló kọ̀. Ó ti gbẹ mọ́ bọ́ńẹ́ẹ̀tì àti òrùlé bí èépá egbò. Mo fi èékánná họ ọ́, kò lọ. Mo da omi gbígbóná sí i, kò lọ.

Ọ̀rẹ́ mi ní, "Ìyá Tíṣà, ṣé ewé ìpín ti tán láyé ni?"

Bó ṣe sọ ọ́ báyìí ni ara mi yá gágá. Ewé ìpín! Ewé tó ń họni lọ́wọ́ bí ahọ́n ológbò, tí ìyá mi fi ń fọ igbá tí igbá fi ń dán, tí a fi ń ha ìdí ìkòkò, tí a fi ń bó odó tuntun kí a tó fi gún iyán. Igi rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé ìdáná. Mo já a, mo rẹ ẹ́ sómi, mo bu eérú èèpo kòkó sí i, mo ká apá aṣọ sókè. Èmi bọ́ sí bọ́ńẹ́ẹ̀tì, ọ̀rẹ́ mi bọ́ sí ilẹ̀kùn. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, oje ti lọ! Omi tó ń ṣàn wálẹ̀ wá dúdú bí aró.

Mo ní, "Ẹ ò rí nǹkan tí ọyẹ́ ṣe fún ọmọ mi!"

Ó ní, "Ẹ ha á, ẹ má dáwọ́ dúró. Ìdọ̀tí yìí kò kéré!"

Nígbà tó yá, pupa bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Mo ní eruku ọyẹ́ ti wọ inú irin lọ nìyẹn. A tún já ewé mìíràn, a kúnlẹ̀ tì í. Bí a ṣe ń ha pupa náà ló ń fẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ló kọ́kọ́ dáwọ́ dúró. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo ọkọ̀, ó ní, "Ìyá, ìdọ̀tí tí à ń fọ̀ tó ń pọ̀ sí i, irú èwo nìyẹn?"

Oòrùn gòkè, omi gbẹ. Mo sún sẹ́yìn kí n lè rí iṣẹ́ ọwọ́ mi dáadáa. Yéè! Ọwọ́ mi méjèèjì lọ sórí. Ibi kan dúdú, ibi kan pupa, ibi kan rí bí ara ẹni tí èélá bò, gbogbo rẹ̀ sì họ yánnayànna. Ara mi tutù nini nínú oòrùn. Ọ̀rẹ́ mi ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé òun gbé ọbẹ̀ kaná, ó sì gba ẹ̀yìn ilé lọ.

Nígbà tí ọmọ mi dé lọ́jọ́ kejì, mo ti sá wọ yàrá. Mo gbọ́ tí ọ̀kadà gbé e sílẹ̀, mo gbọ́ ìró bàtà rẹ̀, bàtà náà sì dúró. Dídúró yẹn ló lé mi jáde.

"Màmá, kí lẹ fi fọ̀ ọ́?"

"Ewé ìpín."

"Ewé ìpín. Lára mọ́tò."

"Àti eérú díẹ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan ibi pupa. Ojú rẹ̀ yí padà. "Màmá, mọ́tò yìí, pupa ni!"

Mo ní, "Mo mọ̀. Mo fọ̀ ọ́ títí, kò lọ."

"Rárá o, Màmá. Pupa ni wọ́n ṣe é wá láti òkè òkun. Ẹni tó tà á fún mi gbé Bíbélì búra pé kò sẹ́ni tó kùn ún rí!"

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò funfun rẹ̀. Ẹnu ya èmi náà. Mo ti rò pé èmi nìkan ni yóò bínú sí, kò wá mọ ẹni tí òun ìbá kọ́kọ́ bínú sí nínú àwa méjèèjì. Mo bẹ̀ ẹ́ kó lọ yá ọkọ̀ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Ó ní òun kò ní fi ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ purọ́ fún bàbá yẹn. Tí kò bá fẹ́ òun, kó kọ òun pẹ̀lú ohun tí òun ní. N kò sùn dáadáa. Mo kàn ń rí ọmọbìnrin yẹn, tí n kò tíì rí rí, tó ń lọ sílé ọkọ mìíràn nítorí ewé.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, àbúrò ọkọ mi tí yóò gbẹnu sọ fún wa dé pẹ̀lú agbádá. Ó yí ọkọ̀ náà ká, ó ní, "Ẹkùn lẹ fẹ́ kí n gùn lọ sílé àna?" A wọ inú ọkọ̀, a gbéra. Gbogbo ọ̀nà Ìsẹ̀ ni àwọn èèyàn ń yọjú wò wá, àwọn ọmọdé ń nàka.

Bàbá ọmọ náà dúró níwájú ilé nígbà tí a dé. Ó kí wa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn yí ọkọ̀ náà ká, ọwọ́ lẹ́yìn. Mo rí ojú ọmọbìnrin kan lẹ́nu fèrèsé, omijé ti fẹ́ já bọ́. Nígbà náà ni ìyá bàbá yìí, arúgbó kùjọ́kùjọ́, fi ọ̀pá tilẹ̀ jáde. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa bọ́ńẹ́ẹ̀tì lórí lọ, ó pa á bọ̀, ó gbé ojú sókè.

"Iṣẹ́ ewé upín rè é. Ta ló ṣe é?"

Gbogbo ojú bọ́ sára mi. Mo kúnlẹ̀. "Èmi ni, Mama."

"O fi eérú sí i?"

"Mo fi sí i, Mama."

"Eérú kòkó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mama."

Ẹ̀rín bú lẹ́nu rẹ̀, ó rín in títí ó fi di dígí ọkọ̀ mú kó má baà ṣubú. Ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé. "Ìwọ ńkọ́? Kẹ̀kẹ́ tuntun tí o kọ́kọ́ gùn lọ ṣe tíṣà, ta ló fi ewé upín bó o láwọ̀?"

Bàbá náà wolẹ̀. Ó ní, "Mama, ẹ̀yin ni."

"Ṣé o lé mi kúrò nílé?"

"N kò lé yín, Mama."

"Ó dáa. Jẹ́ kí àlejò wọ ulé. Uṣu ti jinná."

Èmi ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Bàbá náà fúnra rẹ̀ ló fà mí dìde, mo sì rí i pé òun náà ń pa ẹ̀rín mọ́ra.

Ọmọbìnrin ojú fèrèsé yẹn ni ìyá ìwọ tí ò ń bá mi kọ èyí. Má rẹ́rìn-ín, kọ ọ́ bí mo ṣe wí i. Ọmọ mi kò rí ẹni tó ta ọkọ̀ náà fún un mọ́. Ó ní kí wọ́n kùn ún ní pupa, kó kúkú jẹ́ ohun tó jẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ ní kí wọ́n fi ibi kan sílẹ̀ nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, níbi tí dúdú àti pupa àti ojú ewé ìpín wà síbẹ̀.

Bí ọyẹ́ bá ti lọ lọ́dọọdún, tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, ìyá rẹ a gbé garawa síta, a kó aṣọ múlọ́múlọ́ jáde, a sì ní kí n jókòó sórí àga mi ní òdìkejì, kí n jìnnà sí igi ẹ̀yìn ilé ìdáná. Mà á jókòó, mà á máa wò ó. Nígbà tó bá fọ ọkọ̀ náà tán, tó ku ibi kékeré yẹn, a fún aṣọ omi, a nawọ́ rẹ̀ sí mi, a ní, "Màmá, ẹ wá fọ tiyín." Mà á dìde. Jẹ́jẹ́ ni mo máa ń nù ún.