Ohun Tí Mo Rí Nínú Igi Arère

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ta pákó ní New Benin, nílùú Benin, kí n tó wọ yunifásítì. Ìyàwó mi ló gba fọ́ọ̀mù fún mi. Ó ní ẹ̀kọ́ nípa àkóso òwò ni kí n kà. Ó kú kí n tó ṣe ìdánwò àkọ́kọ́. Mo ń kà á lọ bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún kejì, olùkọ́ obìnrin kan láti ẹ̀ka ìmọ̀ igbó wá ra àgékù pákó ní ìsọ̀ mi fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Mo bá a rù ú dé yàrá àyẹ̀wò. Ó fi abẹ fá díẹ̀ lára arère, ó fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà. Ó fi í sábẹ́ máíkírósíkóòpù.

"Bàbá, ẹ wá wo ọjà yín."

Ihò ni mo rí, àìmọye ihò róbótó, bí ẹni pé ẹnì kan jókòó gbẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní ibẹ̀ ni omi ń gbà gòkè láti gbòǹgbò dé ewé. Arère tí mo ti là láìmọye ìgbà! N kò gbé ojú kúrò níbẹ̀. Ó bi mí bóyá ojú ń dùn mí.

Láti ọjọ́ náà, bí olùkọ́ wa bá ń sọ̀rọ̀ èrè, ihò wọ̀nyẹn ni mò ń rí. Ṣùgbọ́n bí mo bá yí ẹ̀kọ́ padà sí ìmọ̀ igbó, ọdún kìíní ni màá ti tún bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ìyàwó mi sì yàn fún mi ni màá fi sílẹ̀. Mo sọ ọ́ fún ọmọbìnrin wa nílé, ní Airport Road. Ó ń gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Pidgin ló fi ń dáhùn.

"Daddy, with this your knee? Forestry people dey trek enter bush o."

"Màá máa rọra rìn. Ṣé kò ní dà bíi pé mo da ti ìyá rẹ nù?"



"Mummy choose am because you no gree talk wetin you want."

Òótọ́ ni. Ìyàwó mi bi mí ohun tí mo fẹ́ nígbà náà, mo kàn mi orí.

Ní ọjọ́ kejì, mo lọ bá olórí ẹ̀ka ìmọ̀ igbó. Ó ní kí ni mo fẹ́. Mo fi ẹnu ara mi sọ ọ́: igi ni mo fẹ́ kà. Ó wo irun funfun orí mi, ó fọwọ́ sí ìwé ìyípadà ẹ̀kọ́ mi.

Nígbà tí a kọ́kọ́ wọ yàrá àyẹ̀wò, àwọn ọmọdé tí a jọ wà ní kíláàsì tò sẹ́yìn mi nídìí máíkírósíkóòpù.

"Daddy, e don do, shift now."

Mo bẹ̀ wọ́n pé ó ku díẹ̀.