Kànga Ọlọ́mọrí Aláwọ̀ Ewé

Aago méje kọjá ìṣẹ́jú méjìlá láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni mo gbọ́ ìròyìn kànga màmá kan tí mo mọ̀ lórí rédíò. Inú kẹ̀kẹ́ ni mo wà, mò ń lọ síbi iṣẹ́ ní Bódìjà, níbi tí a ti ń yẹ omi wò.

Lọ́jọ́ Ajé tó ṣáájú rẹ̀, oníròyìn kan tó jù mí lọ dáadáa wá ní kí n ṣàlàyé bí kòkòrò àìfojúrí ṣe ń gba inú ilẹ̀ láti ṣaláńgá bọ́ sínú kànga. Inú mi dùn pé ẹnì kan fẹ́ gbọ́ tẹnu mi, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí pé kò ní yé wọn. Ẹ̀rù yẹn ló jẹ́ kí n wá àpẹẹrẹ. Mo ní, ká ní ṣaláńgá wà nítòsí kànga ọlọ́mọrí aláwọ̀ ewé tó wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí kan l'Ágbówó. A ò yẹ kànga náà wò rí. Òun ló kàn wá sí mi lọ́kàn, torí omi rẹ̀ ni mo fi wẹ̀ fún ọdún mẹ́rin tí mo fi wà ní yunifásítì. Màmá tó ni ín kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ká ṣáà jókòó díẹ̀ ká bá wọn sọ̀rọ̀, ó tó wọn.

"Ká ní" tí mo sọ ò dé orí rédíò. Ohun tí wọ́n kà jáde ni pé àyẹ̀wò ti rí kòkòrò níbẹ̀. Mi ò ní kí oníròyìn náà ka ohun tí wọ́n kọ sí mi létí kí wọ́n tó lọ. Ojú ló ń tì mí láti sọ bẹ́ẹ̀ fún àgbà.

Mo bu omi kànga náà, mo yẹ̀ ẹ́ wò. Ó mọ́. Nígbà tí mo mú èsì lọ fún Màmá, okùn tí wọ́n fi ń fa omi ti gbẹ, àga méjèèjì ẹ̀gbẹ́ kànga sì ṣófo. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń kọjá rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé ọ̀dọ̀ ìyá oníkòkòrò ni mò ń lọ. Màmá gbọ́.

Wọ́n wo ìwé èsì náà títí. "Ó dára, ọmọ mi. Ṣé kí n wá so ó mọ́ ọrùn ni?"

Wọ́n wá ṣàdúrà fún mi, wọ́n ní èmi nìkan ni ò sá. Mi ò lè sọ pé ọ̀dọ̀ mi lọ̀rọ̀ náà ti jáde. Àmín tí mo ṣe, ẹnu mi korò.

Oníròyìn náà ṣetán láti tún ìròyìn náà ṣe. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má mẹ́nu kan kànga náà, torí Màmá ní àwọn ò fẹ́ gbọ́ ọ lórí rédíò mọ́ láé. "Àbúrò," wọ́n ní, "tí a ò bá sọ kànga tó jẹ́, kí la wá tún ṣe?" Òótọ́ ni. Wọ́n tún fẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ pé àpẹẹrẹ lásán ni. Màmá mọ ohùn mi, wọn kì í sì í pa rédíò wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kà á, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n kọ́kọ́ lọ kúnlẹ̀ jẹ́wọ́ fún Màmá? Bí wọ́n bá sì ní ká dákẹ́, ṣé ó yẹ kí n dákẹ́?