Òdòdó Oníkókó Ìyá Tú-u

Orúkọ tó wà nínú ìwé ìfẹ̀yìntì rẹ̀ gùn débi pé ìlà méjì ni akọ̀wé fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n Ìyá Tú-u ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni, àkọ́bí télọ̀ tó ń rán aṣọ ilé-ìwé. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n gbáko ló fi lọ aṣọ ibùsùn ní ilé ìwòsàn, aṣọ funfun báláú, láìsí òdòdó kan ṣoṣo lára wọn. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ní ó ti rẹ òun, òun fẹ́ sinmi. Ó sinmi fún ọjọ́ mẹ́rin. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó ra abẹ́rẹ́.

Ìtàn bẹ́ńṣì ilé ìwòsàn ojú ni àwọn èèyàn kọ́kọ́ máa ń sọ nípa rẹ̀. Ó tẹ́ aṣọ ìnujú sórí itan, ó ń fi ìrán ẹlẹ́wọ̀n, èyí tí òwú máa ń kọ́ ara wọn lọ́rùn bí ẹ̀wọ̀n, ya ewé sára rẹ̀. Bíríkìlà kan tí iṣẹ́ ti pa sùn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, etí ẹ̀wù rẹ̀ sì wọ́ sórí itan ìyá. Nọ́ọ̀sì pe ìyá. Ìyá dìde. Bíríkìlà náà dìde.

“Ìyá, ẹnì kan ṣoṣo ni mo pè o.”

“Èmi nìkan náà ni mo dìde.”

“Ta wá ni ẹ ń fà bọ̀ yìí?”

Bíríkìlà lajú, ó wo etí ẹ̀wù rẹ̀ tí ìyá ti rán mọ́ aṣọ ìnujú. “Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?”

Ẹnì kan ní kí wọ́n mú àlùmọ́gàjí wá. Ìyá fi igbe ta: “Ewé mẹ́sàn-án rèé! Jókòó, ọmọ mi. A ó tú u.” Odindi wákàtí kan ló fi tú u. Dókítà dúró títí, ó lọ jẹun. Bíríkìlà ní tirẹ̀ ti padà sùn.

Kì í kọ́ ìrán tuntun lórí àkísà. Ó ní ìrán tí kò bá níṣẹ́, ọ̀lẹ ni yóò yà. Torí náà, ìrán kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ kékeré tirẹ̀: etí ìrọ̀rí, àpò ìgò omi, ìbọ̀sẹ̀ ọkọ rẹ̀ tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní ọkọ̀ wíwà.

“Ìyá wọn, kí ni ẹja ń wá nínú ìbọ̀sẹ̀ mi?”

“Ṣé ẹ máa ń bọ́ bàtà níbi iṣẹ́ ni?”

“Ẹsẹ̀ òsì nìkan lo sì ya á sí. Ti ọ̀tún ńkọ́?”

“Ìrù rẹ̀ wọ́. Mo ti tú u.”

Ó ṣèlérí aṣọ ìnujú fún àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, òdòdó ọ̀tọ̀, ìrán ọ̀tọ̀. Àwọn márùn-ún gba tiwọn. Ó ku àbíkẹ́yìn, obìnrin tó ń wa bọ́ọ̀sì ilé-ìwé. Ìrán oníkókó ni tirẹ̀: kí a wé òwú mọ́ abẹ́rẹ́, kí a fà á kó di kókó róbótó. Kókó náà kò gbà fún ìyá. Ńṣe ló ń yọ́ gba inú aṣọ bọ́ sẹ́yìn. Ọdún mẹ́rin ló fi ń rán an, tó ń tú u, títí àárín aṣọ fi fẹ́lẹ́ bí awọ inú ẹyin. Bẹ́ẹ̀ dókítà ti sọ fún un pé ojú ọ̀tún ti lọ, òsì sì ti ń palẹ̀ mọ́.

“Màmá, ẹ fún mi bó ṣe wà.”

“Kókó mẹ́ta ti rì níbẹ̀ yẹn.”

“Èmi ò rí wọn.”

“Èmi rí wọn.”

“Ojú wo lẹ fi rí wọn, Màmá?”

“Ọwọ́ ni mo fi ń wò ó.”

“Ó ti rẹ̀ mí. Gbogbo wọn ló ti gba tiwọn.”

“Ó rẹ èmi náà, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n n kò ní fún ọ ní òdòdó tó rì.” Ó sì tún tú u.

Orí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni wọ́n ti bá a, ó dorí kodò. Wọ́n rò pé oorun ni. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ àkọ́bí fẹ́ gbé aṣọ ìnujú kúrò lórí itan ìyá, aṣọ kọ̀, kò gbéra. Ìyá ti rán an mọ́ gáùn ara rẹ̀. Òdòdó náà sì pé: kókó mọ́kànlélógún, gbogbo wọn dúró gírígírí, ọ̀kankan kò rì. Aṣọ tó ti fẹ́lẹ́ kò lè di kókó mú mọ́. Gáùn tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló dì wọ́n mú. Bóyá ó ṣèèṣì ni, bóyá ó mọ̀ ọ́n ṣe, ẹnikẹ́ni kò mọ̀.

Àkọ́bí mú àlùmọ́gàjí. “Ẹ jẹ́ ká rọra tú u.”

Àbíkẹ́yìn di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé títú tí ìyá yìí ti tú u kò tíì tó ni?”

Bàbá ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún sì wà nínú ẹ̀rín náà. Gáùn ni wọ́n gé yíká òdòdó, wọ́n fi méjèèjì lé àbíkẹ́yìn lọ́wọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, ni Ìyá Tú-u kú, ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán. Ó ti so ìdí òwú, ó sì ti gé e.